Rédíò abẹ́ ìrọ̀rí: ìrírí tèmi nídìí fíìmù àwọn díjéè orí omi

Mo ti ka ìrírí àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ ṣáájú mi níbí nípa The Boat That Rocked, fíìmù àwàdà àwọn díjéè tí ń ti inú ọkọ̀ ojú omi gbé orin jáde lórí rédíò, mo sì rí i pé ẹ̀rín ni púpọ̀ nínú yín fi wo fíìmù náà parí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ wò ó ni kò jẹ́ kí tèmi mọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe ní etíkun Essex, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá òyìnbó kan wà lára àwọn tí mo máa ń lọ bá ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì wọn, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu wọn mú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń dà, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa parí iṣẹ́, wọ́n ní kí n bá wọn fi The Boat That Rocked sí i, fíìmù tí Richard Curtis gbé jáde ní 2009, wọ́n sì ní bí n kò bá kánjú, kí n jókòó.

Ọdún 1966 ni ìtàn náà dá lé. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ń mì lórí Òkun Àríwá, àwọn díjéè sì ń ti inú rẹ̀ fi orin rọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú tọ̀sán-tòru. Bill Nighy ni ó ni ọkọ̀, Philip Seymour Hoffman ni ará Amẹ́ríkà tí kò gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Kenneth Branagh sì ni mínísítà tí ó ń wá òfin tí yóò fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwàdà ibẹ̀ pọ̀ ju ìtàn lọ, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n kí àwàdà tó gbóná rárá ni ọmọkùnrin kékeré kan ti dágbére fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun ń lọ sùn. Ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó yọ rédíò kékeré kan, ó sì tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún dá fíìmù náà dúró. Wọ́n ní, “Èmi nìyẹn.”

Kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ pé bàbá tèmi gan-an ni mo ń wò. Ní Ìbàdàn, lọ́dún 1996, lẹ́yìn tí wọ́n pa Kudirat Abíọ́lá ní ìlú Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, rédíò kan tí àwọn alátakò ìjọba Abacha ń ti òkè òkun fọhùn gba orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Rédíò Kudirat. Orí shọ́ọ̀tì wéèfù ni à ń gbọ́ ọ. Bàbá mi á so wáyà mọ́ éríà, wọ́n á fi kọ́ irin ojú fèrèsé, wọ́n á sì máa yí bọ́tìnnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ènìyàn yóò fi yọ láàárín ìfé àti ariwo bí ẹni ń yan àgbàdo. Bí ó bá ti yọ, wọ́n á fi ìrọ̀rí bò ó, wọ́n á sì tẹ etí mọ́ ọn. Ìyá mi á gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń gba atẹ́gùn, nítorí aládùúgbò kan tí ó ń fi ológun yangàn; bí ìyá mi bá ti kígbe kí i pé “Ẹ káalẹ́ o!”, inú ilé á pa lọ́lọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni a ń pe rédíò, ṣùgbọ́n bàbá mi máa ń dá tiwọn lóhùn, ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo sọ èyí fún bàbá òyìnbó náà, wọn kò sì tètè jẹ́ kí fíìmù náà tẹ̀síwájú mọ́. Wọ́n ṣàlàyé pé nígbà èwe àwọn, BBC nìkan ni ó ní àṣẹ rédíò ní ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn tí ó wà láàárín BBC, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àwo àti ẹgbẹ́ àwọn olórin kò jẹ́ kí wọ́n lo àwo orin ju ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ lọ lójúmọ́. Ronan O'Rahilly, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, ni ó dá Radio Caroline, rédíò orí omi, sílẹ̀ ní àkókò Àjíǹde 1964. Ààlà omi ìjọba kò kọjá máìlì mẹ́ta nígbà náà; ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ààlà, níbi tí òfin kò ti lè mú un, ó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, ó sì ń jẹun lórí ìpolówó ọjà.

Ní oṣù Kìíní 1966, ọmọ ọdún méjìlá ni bàbá yìí nígbà tí ìjì já Mi Amigo, ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì tí Caroline ní, kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́, tí ó sì gbé e wá sórí iyanrìn nítòsí Frinton, ní etíkun Essex. Wọ́n sá kúrò nílé-ẹ̀kọ́ lọ wò ó. Òtútù ń já wọn létí, wọn kò sì gbọ́ orin kankan. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ń rò pé ó tóbi bí ìlú kàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹja tí omi sọ nù, ìpẹtà sì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni àwọn ti mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà nínú rédíò.

A wò ó dé ìparí, níbi tí ọkọ̀ ti ń rì, tí àwọn olùgbọ́ sì ń wa ọkọ̀ kéékèèké bọ̀ láti gbà wọ́n là. Omi ti lé sí mi lójú. Bàbá ní, “Irọ́ pátápátá.” Mi Amigo rì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní 1980 ni, ọkọ̀ agbẹ̀mílà láti Sheerness ni ó sì kó ènìyàn mẹ́rin àti ẹyẹ kan kúrò nínú rẹ̀. Òfin ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 1967 kò ri ọkọ̀ kankan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀, tàbí láti polówó ọjà níbẹ̀. Àwọn rédíò orí omi yòókù palẹ̀ mọ́. Caroline ṣe orí kunkun títí di oṣù Kẹta 1968, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ń gbé oúnjẹ àti omi lọ fún un wá wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ nítorí gbèsè. Nígbà náà, BBC ti dá Radio 1, rédíò orin tirẹ̀, sílẹ̀, Tony Blackburn tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Caroline ni ó sì ṣí i. Àwọn tí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lé jáde ni wọ́n tún gba ẹnu ọ̀nà mú wọlé.

Mo pe bàbá mi ní Ìbàdàn ní ọjọ́ Àìkú, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, “Ṣé wọ́n rí wọn mú?”

Mo ní, “Rárá, sà. Gbèsè ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ẹyẹ yẹn ńkọ́?”