Òdòdó Hawaii tó jọ ti ilá: ṣé kí àbúrò mi mú hóró rẹ̀ bọ̀ wálé?

Ìyá Olódòdó, Òmù-Àrán:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òdòdó ni mò ń gbìn tà lẹ́bàá títì níbí, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Hawaii, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní erékùṣù, fi fọ́tò igi òdòdó kan ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ilá ni mo kọ́kọ́ pè é! Ìyeyè ni, àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn kàn án. Ó ní maʻo hau hele lorúkọ rẹ̀, pé òun ni wọ́n fi ṣe òdòdó ìpínlẹ̀ wọn láti 1988. Ó ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá. Ṣé kí n ní kó mú hóró díẹ̀ dání? Ọkàn mi ò kúrò lára òdòdó yìí mọ́.

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìlọrin:
Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mú un. Ẹbí ilá àti ìṣápá ni lóòótọ́, àmọ́ ó fẹ́ẹ̀ tán nínú igbó. Láti 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti kà á mọ́ àwọn igi tó lè parun.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò sí ewúrẹ́, kò sí màlúù ní erékùṣù yẹn tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó ló kó wọn dé. 1793 ni màlúù àkọ́kọ́ débẹ̀. Igi tí kò bá ẹran ọ̀sìn gbé rí, kí ni yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wọn? Èyí tó tún dùn mí jù ni ti koríko gínì. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti lọ. Tó bá gbẹ, iná á ràn mọ́ ọn, á jó igi òdòdó náà mọ́lẹ̀, koríko á sì tún kọ́kọ́ hù padà.

Ọmọ Ọ̀fà:
Yàtọ̀ sí ìyẹn, irúgbìn tí kò níwèé àṣẹ, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀ òfurufú.

Ìyá Olódòdó, Òmù-Àrán:
Mo gbọ́, Bàbá. Mi ò ní jẹ́ kó mú un.

Ọ̀rọ̀ yín ti mú mi rántí ìṣápá funfun màmá mi. Akèrègbè ni wọ́n ń kó hóró rẹ̀ sí, wọn a so ó mọ́ àjà ilé ìdáná. Òun la fi ń se ẹ̀gúsí nílé wa. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti lọ. Pupa ni gbogbo èèyàn àdúgbò mi ń gbìn báyìí nítorí sóbò. Ìkúnwọ́ kan péré ló kù sí mi lọ́wọ́.

Bàbá Ọlọ́gbà, Ìlọrin:
Háà! Ẹ pín in sí méjì. Ẹ gbé ìdajì lọ sí NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn; iṣẹ́ wọn ni láti máa tọ́jú irúgbìn pamọ́. Ẹ gbin ìdajì yòókù nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí pupa kí irú méjèèjì má bàa dà pọ̀.

Ìyá Olódòdó, Òmù-Àrán:
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa lọ. Ẹ̀yin ará Àrán-Ọ̀rin àti Ìsánlú-Ìsin, ẹni tó bá ṣì ní ìṣápá funfun nílé, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Mo máa rà á.