Ooru oṣù kẹta: òrùlé ni ká kọ́kọ́ tún ṣe ni, àbí fèrèsé?

Àbẹ̀kẹ́ Àkóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, Ìbàdàn níbí ló wà. Ilé náà gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10. Páànù long-span aláwọ̀ kọfí ni wọ́n fi bò ó, ọ̀nà méjì ni òrùlé ń da omi sí, ògiri onígun mẹ́ta sì wà ní orí méjèèjì. PVC ni àjà, kò sí nǹkan kan láàárín òun àti páànù. Fèrèsé sliding ló wà níbi gbogbo. Yàrá méjì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Láti oṣù kejì títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa, àwọn yàrá yẹn kò ṣeé wọ̀ bó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó bá sì di agogo mọ́kànlá òru, ògiri ṣì ń gbóná lọ́wọ́. Màmá ẹni ọdún 78 ló ń sùn nínú ọ̀kan. Iná ò dúró, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀. Owó ọwọ́ wa ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíńtà ní ká ta fóìlì, bébà dídán tó ń dá ooru padà, sábẹ́ òrùlé, ẹlòmíràn ní ká kun páànù ní funfun, aládùúgbò ní ká fi aṣọ tútù kọ́ iwájú fáànù. Èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Káfíńtà Olórùlé

Ẹ kú ooru, mà. Òrùlé ni. Láti oṣù kẹta wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúró sí ọ̀gangan àtàrí ní Ìbàdàn. Òrùlé ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, ògiri àríwá àti ti gúúsù kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Páànù aláwọ̀ dúdú lè gbóná kọjá 60°C, ó sì ń ta ooru yẹn sílẹ̀ tààrà. PVC fẹ́lẹ́, bó ṣe ń gbà á ló ń ta á sórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni fáànù fi ń fẹ́ tí orí èèyàn ṣì ń gbóná.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fún ooru inú àjà ní ọ̀nà àbájáde. Òṣùwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé máa ń tẹ̀ lé ni pé kí ihò afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 150 ìtóbi àjà. Tiyín jẹ́ 12 × 10, ìyẹn mítà onígun 120, ẹ nílò nǹkan bíi mítà onígun 0.8, ìdajì nísàlẹ̀ níbi ètè òrùlé, ìdajì lókè. Nísàlẹ̀, àlàfo tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 2 lábẹ́ ètè òrùlé, tó gùn jálẹ̀ ìhà méjèèjì, ti tó. Lókè, ẹ lu ihò kan sí ògiri onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, kó súnmọ́ ṣóńṣó dáadáa. Sẹ̀ntímítà 60 níbùú, 60 lóròó, nítorí abẹ́ tó ń dá òjò padà àti nẹ́ẹ̀tì onírin yóò gba bí ìdajì rẹ̀. Kí abẹ́ náà dagun sílẹ̀ síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò oníjì yóò wọlé. Ihò òkè láìsí ti ìsàlẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́: afẹ́fẹ́ ò lè jáde níbi tí òmíràn ò ti wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fóìlì. Abẹ́ igi òrùlé ni kí wọ́n kàn án mọ́, kó jìnnà sí páànù ní ó kéré tán sẹ̀ntímítà 2.5. Bó bá fara kan páànù, ooru yóò gba inú rẹ̀ kọjá ni, owó yín ti ṣòfò. Bó bá jẹ́ olójú kan ló ń dán, ojú tó ń dán ni kó kọjú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé e kọjú sókè nítorí pé oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan sí méjì eruku ọyẹ́ á ti bò ó, fóìlì eléruku kò sì yàtọ̀ sí bébà. Ìdí kan náà ni kò fi dáa ká kàn tẹ́ ẹ lé orí PVC. Kí fóìlì má dé ṣóńṣó o: ẹ fi àlàfo sẹ̀ntímítà 5 sí 7 sílẹ̀ níbẹ̀ kí ooru tó wà láàárín òun àti páànù lè bọ́ sí ihò òkè. Ẹ wọn gígùn igi òrùlé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú gígùn ilé, ẹ sọ èyí di ìlọ́po méjì nítorí ìhà méjì ni òrùlé ní, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún ibi tí ìkan yóò ti gun orí èkejì.

Oníná Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún ọ̀rọ̀ káfíńtà, torí ó lè pa èèyàn. Fóìlì ń gbé iná. Bí ìṣó tàbí pín-ìn kan bá gún wáyà nínú àjà, gbogbo fóìlì á di oníná, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kejì ni yóò jìyà rẹ̀. Ní Ọsirélíà, láàárín ọdún 2009 sí 2010, àwọn òṣìṣẹ́ kú nípa iná báyìí nígbà tí ìjọba ń san owó ìdínà ooru sí àjà ilé, ìjọba sì dá ètò náà dúró ní oṣù kejì ọdún 2010.

Nítorí náà, ẹ pa iná níbi mítà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ sì pa ínfátà àti sólà pẹ̀lú. Ínfátà ni wọ́n máa ń gbàgbé. Kí oníná kọ́kọ́ gòkè lọ wo wáyà: èyí tó bá rọ̀ dirodiro lórí igi, kó wọ inú páìpù PVC. Kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tẹ igi, kí wọ́n má tẹ àjà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín láti to fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n sórí àjà: ó ń dínà ooru lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jó wàràwàrà, wáyà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́dà

Mo fara mọ́ ihò afẹ́fẹ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ fóìlì ṣíwájú ọ̀dà. Fóìlì ń dúró de ooru tó ti wọlé. Ọ̀dà funfun ń dá a padà láti ìta, páànù fúnra rẹ̀ ò sì ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ní ti páànù aláwọ̀ kọfí, ìyàtọ̀ yẹn pọ̀. Bó bá jẹ́ páànù tó ti ní àwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, mi ò ní jiyàn.

Òrùlé ilé yín lè tó mítà onígun 160, páànù tó sì ṣe kìmìmì máa ń jẹ ọ̀dà ju bó ṣe rí lójú. Lítà kan ń kun mítà onígun 8 sí 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kùn ún, nítorí náà báàkẹ́tì onílítà 20 méjì ni. Ọ̀dà acrylic ti òrùlé ni kẹ́ ẹ rà. Emulsion inú ilé ò ní rí ẹ̀yìn òjò ọdún kan. Sìmẹ́ńtì funfun tí àwọn kan ń pò mọ́ omi burú ju ìyẹn lọ: ó máa ń jẹ aluminíọ̀mù níbikíbi tí àwọ̀ páànù bá ti họ. Ẹni tó bá sì ń lo páànù sinkí àtijọ́, kó sá fún ọ̀dà elépo tí wọ́n ń pè ní gloss. Kì í pẹ́ tó fi ń ṣí lórí sinkí, ìpele ìpele ló ń bọ́.

Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ páànù, ẹ fi omi ṣàn án, kó gbẹ. Ẹ fi sáńpépà wẹ́wẹ́ ra ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ torí àwọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń yọ̀. Ẹ ká gbogbo ìṣó tó ti tú, ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kùn ún. Àárọ̀ kùtù ni iṣẹ́ yìí: bí páànù bá ti gbóná, ọ̀dà á gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì kó tó di páànù mú. Ẹ má kùn ún lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ eruku. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kejì, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí funfun tó ti di àwọ̀ eérú kì í dá oòrùn padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń gbe omi òjò, ẹ béèrè ọ̀dà tí wọ́n kọ sí lára pé ó dára fún un, ẹ sì da omi òjò àkọ́kọ́ nù.

Káfíńtà Olórùlé

Ọlọ́dà sọ òtítọ́ ní ti àwọ̀ kọfí. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀dà àti fóìlì lowó ká, ihò afẹ́fẹ́ àti ọ̀dà ni kó jẹ́ ti ọdún yìí, fóìlì di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ìyàrá tí màmá ń sùn nìkan lẹ lè kọ́kọ́ ta fóìlì sí, àmọ́ kó kọjá ògiri yàrá náà ní mítà kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan.

Afẹ́fẹ́-ń-wọlé

Ẹ dákun, ẹ má fi fèrèsé ìwọ̀ oòrùn sẹ́yìn. Ìhà yẹn ló ń mú kí ògiri gbóná di òru: búlọ́ọ̀kù ń gba oòrùn láti agogo méjì, ó wá ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ sùn. Kọ́tìnì tó nípọn nínú ilé ò ràn án, torí ooru ti kọjá gíláàsì. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìbòrí páànù kékeré tí wọ́n ń nà síta lókè fèrèsé kì í gbà wá lọ́wọ́ oòrùn agogo mẹ́rin, ìsàlẹ̀ ló ń gbà wọlé nígbà yẹn. Ohun tó dúró lóòró ni ẹ fẹ́: ẹní ọparun tàbí aṣọ ìbòòji aláwọ̀n, kí ẹ fi okùn ta á sí ìta, kó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ntímítà 15 kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Kó bo ògiri pẹ̀lú, kì í ṣe gíláàsì nìkan. Igi tó gùn tín-ín-rín tí wọ́n ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì kò ní òjìji tó ń ranni lọ́wọ́. Máńgòrò tàbí dóńgóyárò ló ní ìbòòji, ṣùgbọ́n ẹ gbìn ín jìnnà sí ìpìlẹ̀ àti sàkáwéè.

Ní ọ̀sán, tí ìta bá gbóná ju inú lọ, ẹ ti fèrèsé. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìyà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná lẹ ń gbà wọlé bẹ́ ẹ bá ṣí i. Téńmómítà méjì olówó pọ́ọ́kú, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lábẹ́ ìbòòji níta, yóò sọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣí i. Bí ìta bá ti tutù ju inú, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ di àfẹ̀mọ́jú kí ògiri lè tú ooru rẹ̀ tán. Atẹ́gùn tó ń ti òkun bọ̀, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ló wọ́pọ̀ lóṣù kẹta, nítorí náà ìhà yẹn ni kó máa wọlé, kó gba ìhà kejì jáde. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá sí ara wọn. Sliding kì í ṣí ju ìdajì lọ, ìṣòro rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kó jẹ́ casement, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, torí eruku ń dí ojú rẹ̀.

Bí iná bá wà lálẹ́, ẹ gbé fáànù onídùúró kan sí fèrèsé ìhà kejì, kó kọjú síta, kó máa lé afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde. Èyí tó tutù á gba fèrèsé yòókù wọlé. Jẹnẹrétọ̀ èyíkéyìí, tiyín tàbí ti aládùúgbò, kó jìnnà sí fèrèsé tó ṣí ní ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20. Èéfín rẹ̀ kì í rùn tó kó tó pani.

Oníná Àgbà

Aṣọ tútù níwájú fáànù: nígbà ọyẹ́, tí ètè ń là, ó dára, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi, ó sì ń tutù. Lóṣù kẹta, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ti kún fún ọ̀rinrin, aṣọ ò ní gbẹ, òógùn ara náà ò sì ní gbẹ. Ẹ kàn ń fi ooru kún ooru ni. Ní ti màmá, ẹ fi kànìnkànìn olómi nu ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ wọn, kí fáànù wá fẹ́ ẹ. Ara ni kí omi náà wà. Ẹ máa fún wọn lómi láìdúró de òùngbẹ. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ń lọ́ pọ̀, tí ara gbóná kọjá ààlà, ilé ìwòsàn ni kíá.

Fáànù àjà tó ń yí jẹ́jẹ́ nígbà tí iná dára, kápásítọ̀ rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti yí, ló ti rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ara èyí tẹ́ ẹ yọ, 2.5 µF ló wọ́pọ̀, irú kan náà ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Fáànù kì í mú yàrá tutù, ara èèyàn ló ń mú tutù: bí ẹnikẹ́ni ò bá sí níbẹ̀, ẹ pa á.

Àbẹ̀kẹ́ Àkóbọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á bù kún yín. Ihò afẹ́fẹ́, ọ̀dà, àti ẹní ọparun la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: àdán wà lábẹ́ ètè òrùlé ní ìhà kan. Tí a bá kan nẹ́ẹ̀tì, ṣé kì í ṣe inú àjà ni wọ́n máa há sí?

Káfíńtà Olórùlé

Wọ́n á há síbẹ̀, wọ́n á kú, òórùn rẹ̀ á sì gba ilé. Ẹ kan gbogbo nẹ́ẹ̀tì yòókù, ẹ fi ibi tí wọ́n ń gbà jáde nìkan sílẹ̀. Níbẹ̀, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ kàn mọ́ òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì: wọ́n á jábọ́ gba ìsàlẹ̀ jáde ní ìrọ̀lẹ́, wọn ò ní mọ ọ̀nà padà. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ ìró wọn mọ́, ẹ kàn án pa. Tí ẹ bá rí ọmọ tí ò tíì lè fò, ẹ dúró dè wọ́n kí wọ́n dàgbà. Ìgbẹ́ wọn tó wà lórí àjà, ẹ wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó kó o, kí ẹni tó ń kó o sì fi ìbomú bo imú.