Àwọ̀ ni mo wò, n kò wo ìrù

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹja. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn ẹja kéékèèké Gúúsù Amẹ́ríkà tí à ń sìn nínú táǹkì, àwọn tó jẹ́ ìbátan epìyà tiwa.

Mẹ́fà ni mo rà l'Ékòó, mo gbé wọn wá sí Adó-Èkìtì nínú kúlà. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní ramirezi ni, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ẹja yìí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ramirezi kúrú, ó ga, ilà dúdú kan dá ojú rẹ̀ kọjá lóòró, àmì dúdú sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tèmi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n rí bí eérú, ilà dúdú kan ṣoṣo ló nà láti ẹ̀yìn ojú títí dé ìdí ìrù. Mo rí gbogbo èyí, síbẹ̀ mo ní wọn ò tíì dàgbà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, èyí tó kéré jù nínú wọn di àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Ilà ara rẹ̀ dúdú kirikiri, ó sì ń lé àwọn tó jù ú lọ káàkiri. Mo rò pé ẹ̀yà mìíràn ló dà pọ̀ mọ́ wọn. Mo fi àwọ̀n kó o jáde. Ìgbà tí mo gbé àpáàdì inú táǹkì láti fọ̀ ọ́ ni mo rí ẹyin pupa wínníwínní lábẹ́ òrùlé rẹ̀, wọ́n lé ní ogójì. Ìyá ni mo lé kúrò lórí ọmọ. Ní ọjọ́ kẹta, ẹyin náà ti funfun, ó ti hu. Ó dùn mí gan-an.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ramirezi kọ́. Orí òkúta gbalasa tàbí iyanrìn ni ramirezi ń yé sí. Apistogramma, ìdílé mìíràn nínú àwọn ẹja yìí tó ní ẹ̀yà púpọ̀, ló ń wá ihò yé sí. Àwọ̀ ìyeyè yẹn sì ni aṣọ ìyá ọmọ láàárín wọn, ẹ̀yà púpọ̀ ló ń wọ̀ ọ́, nítorí náà kò sọ èwo gan-an ni tèmi.

Akọ ló sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀gún iwájú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè ṣágiṣàgi bí ogbe àkùkọ, ìrù rẹ̀ sì gùn ní ṣóńṣó méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ká ní agassizii, ẹ̀yà Apistogramma kan, ni, ṣóńṣó kan ṣoṣo bí ẹnu ọ̀kọ̀ ni ìrù rẹ̀ ì bá ní. Cacatuoides ni, ẹ̀yà Apistogramma tí onímọ̀ ẹja Hoedeman sọ lórúkọ ní 1951, láti agbègbè odò Amazon ní Peru. Pupa tí ẹ ń rí lára ìrù àwọn ti ọjà, àwọn tó ń sìn wọ́n ló ṣà á yọ láti ìran dé ìran. Ẹ má fi pupa dá ẹja mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá mọ orúkọ, ẹ kọ Apistogramma lásán sára táǹkì, kí ẹ má sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀yà mìíràn. Abo macmasteri àti ti viejita, ẹ̀yà Apistogramma méjì, jọra ju ìbejì lọ. Bí wọ́n bá bímọ pọ̀, ta ni yóò sọ irú ẹja tí ọmọ náà jẹ́?

Omi òjò àti ewé igi fúrúùtù gbígbẹ ni mo ń lò báyìí. Abo náà tún yé lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò fọwọ́ kàn án. Lánàá, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lábẹ́ ewé, wọ́n wé mọ́ ọn bí eruku.