Asẹ́ afẹ́fẹ́ nínú ilé ẹlẹ́dẹ̀: ṣé ó yẹ kí a rà á ránṣẹ́ sí Ìkòròdú?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan ní Ìmọ́tà, l'Ìkòròdú. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Iowa, l'Amẹ́ríkà, wọ́n fi asẹ́ sí gbogbo ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ilé àwọn abo ẹlẹ́dẹ̀, kí àrùn má baà bá atẹ́gùn wọlé. Ṣé ó yẹ kí n ra irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé?

Àbúrò mi, o kú àníyàn ilé. Nítorí àrùn PRRS, tí í mú kí abo ẹlẹ́dẹ̀ ṣẹ́ oyún, tí í sì í ba èémí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́, ni wọ́n ṣe ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ ní Iowa àti Minnesota. Àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò rẹ̀ láàyè nínú afẹ́fẹ́ ní ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà 9 sí ọgbà tí ó ti jáde, nítorí náà ọgbà yíyí ká nìkan kò lè dá a dúró níbi tí ilé ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ilé tí a tì pa ni asẹ́ wà fún. Fáànù ara ògiri ń fa afẹ́fẹ́ jáde, tuntun ń gba àjà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń to asẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bí fáànù bá ti ń fa, ihò tó bá ṣí sílẹ̀ di ẹnu ọ̀nà: abẹ́ ilẹ̀kùn, etí fèrèsé, ojú ibi tí wáyà gbà kọjá. Mú tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sún mọ́ etí ilẹ̀kùn. Bí ó bá tẹ̀ sínú, afẹ́fẹ́ tí kò gba inú asẹ́ kọjá ló ń wọlé yẹn. Fáànù tí ó dákẹ́ ni mo kà sí èyí tí ó léwu jù, nítorí bí ìdérí rẹ̀ kò bá pa dé, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ padà wọlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ìdérí méjì sí i.

Asẹ́ tún máa ń dín afẹ́fẹ́ kù, ẹlẹ́dẹ̀ kì í sì í làágùn tó láti tu ara rẹ̀ lára. Bí o bá ti ilé pa nínú ooru Ìkòròdú, tí iná sì lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti tan, wọn yóò kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó wọ Nàìjíríà ní 1997, tí ó sì pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ ní ibùdó ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró ní 2020, kì í bá atẹ́gùn rin ọ̀nà jíjìn. Ara ẹlẹ́dẹ̀ tuntun, ẹ̀jẹ̀, ẹran inú àjẹkù oúnjẹ, bàtà àti ọkọ̀ ló ń gbé e wọlé. Fi owó asẹ́ mọ odi, kí o sì ra bàtà tí kò ní jáde kúrò nínú ọgbà.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn alápatà tí í fẹ́ wọlé fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n tó sanwó ńkọ́?

Kọ́ ẹyọ yàrá kan sí ẹnu ọgbà, kí ẹ máa da ẹlẹ́dẹ̀ títà síbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ kàn tí wọn kò rà kò gbọdọ̀ padà sáàárín àwọn yòókù. Ẹ dín owó rẹ̀ kù, kí ẹ tà á lọ́jọ́ náà.