Báwo ni kóòdù mi ṣe lè tẹ bọ́tìnnì inú ètò mìíràn lórí Windows?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni mo ti ń ṣèrànwọ́. Ètò tí wọ́n fi ń tajà kì í tẹ ọ̀pọ̀ rìsíìtì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń tẹ "Print" títí ọwọ́ fi ń dunni. Mo fi pyautogui (irinṣẹ́ èdè kóòdù Python tó ń bá ènìyàn tẹ èkúté kọ̀ǹpútà) ṣe é, ṣùgbọ́n ojú ibì kan náà ló ń tẹ̀ ṣáá. Lánàá, fèrèsé sún díẹ̀, ló bá lọ tẹ "Delete". Àkọsílẹ̀ oníbàárà mẹ́ta ló lọ, ó dùn mí gan-an. Mo wá lo pywinauto, irinṣẹ́ Python mìíràn tó ń wá bọ́tìnnì fúnra rẹ̀: ó rí bọ́tìnnì náà, àmọ́ click(), àṣẹ tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, kò mú nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣé torí pé wọ́n ń ṣí ètò náà bí administrator (pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó kọ̀ǹpútà), tí kóòdù mi kò sì rí bẹ́ẹ̀ ni? Àbí kí n kúrò lórí "win32" bọ́ sí "uia", àwọn ọ̀nà méjì tí pywinauto fi ń darí ètò mìíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó là mí lọ́yẹ.