Ẹ gbà mí o: oògùn wo ni kí n rà fún orúnkún màmá mi?

Ọmọ Òde Rẹ́mọ: Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Làkúrègbé mú màmá mi ní orúnkún méjèèjì, bí wọ́n bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo máa fà wọ́n dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà l'Ékòó, ó ń kọ́lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó fi owó oògùn ránṣẹ́, nẹ́tíwọ̀kì ò ní dáa. Ìyàwó rẹ̀ ló tún wá ń sọ káàkiri ẹbí pé mo ń jẹ owó màmá. Èmi tí mo ń gbé wọn wọ balùwẹ̀! Ibuprofen ni mo ń rà, kò kà á sí mọ́. Kẹ́míìsì kan máa ń kó oògùn sínú ọ̀rá fún wa, ìyẹn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ti fowó lé e. Èwo ló lágbára ju ibuprofen lọ tí kò wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ sí ọsibítù.

Ìyá Ìbejì Ìlíṣàn: Pẹ̀lẹ́ o. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Tèmi náà, nígbà tí ìyá ọkọ mi wà láyé, kò sí ohun tí wọn ò sọ sí mi. Àbóníkí àti omi gbígbóná ni mo fi ń ra ẹsẹ̀ wọn. Dán an wò.

Bàbá Ṣẹ́gun: Parasítámọ̀ ni. Hóró méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó parí.

Alhaja Ìjẹ̀bú-Òde: Parasítámọ̀ kẹ̀? Ti ẹ̀fọ́rí nìyẹn. Diclofenac lèmi ń lò, mo sì jó ní Ojúde Ọba títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá Ṣẹ́gun: Alhaja, inú tiyín lágbára. Ẹ má fi ti ara yín wọn ti ìyá olómọ.

Bùnmi Fámásì: Ẹ dákun, ká béèrè ná. Ọmọ ọdún mélòó ni màmá? Ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọgbẹ́ inú? Oògùn wo ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́? Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, áspírìn, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, a kì í pa méjì pọ̀. Wọ́n ń ha inú, wọ́n ń gbé BP sókè, wọ́n sì ń ni kídìnrín lára, pàápàá lára àgbàlagbà. Parasítámọ̀ kò le tó wọn fún orúnkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun la sábà máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú fún ẹni tí wọn ò bá lára mu. Kò gbọ́dọ̀ ju hóró 500 mg mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, ó sì lè kéré sí i fún ẹni tó rù tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò dáa. Ẹ wo oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n bá ń lò náà, ó lè wà nínú rẹ̀. Diclofenac onípara tún wà tí à ń fi ra orúnkún. Díẹ̀ ni tirẹ̀ tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, a ti lo àbóníkí títí. Alhaja, èló ni wọ́n ń ta diclofenac yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ọjọ́ orí, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ké lóru. Ọmọ ọdún 71 ni wọ́n. BP wọn ò le, lisinopril àti oògùn tó ń mú wọn tọ̀ ni wọ́n ń lò, nígbà tí wọ́n bá rántí.

Bùnmi Fámásì: Ẹ rí i báyìí? Oògùn BP méjì yẹn, kí ibuprofen tún wá ṣe ìkẹta, kídìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ló wà nínú ọ̀rá kẹ́míìsì?

Ọmọ Òde Rẹ́mọ: Hóró pupa kan, yẹ́lò kan, funfun kéékèèké méjì. Wọn ò kọ orúkọ sí i. Àwọn funfun yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n ń jẹun dáadáa, ojú wọn ti kún, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní wọ́n ń sanra.

Alhaja Ìjẹ̀bú-Òde: Ìsanra kọ́ nìyẹn o! Bẹ́ẹ̀ lojú àbúrò mi ṣe rí.

Bùnmi Fámásì: N ò lè fojú mọ hóró tí kò lórúkọ, ṣùgbọ́n bí ojú ṣe kún yẹn, ẹ̀rù ń bà mí kó má jẹ́ prednisolone tàbí dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó lè mú ojú wú bẹ́ẹ̀. Bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ ibuprofen, inú lè gbọgbẹ́ kíá. Bó bá sì ti pẹ́ lára, a kì í dá a dúró lójijì láìsí dókítà.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ: Ṣé ìyẹn ló wá fà á tí ìgbẹ́ wọn fi dúdú? Mo rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Òòyì sì ń kọ́ wọn láti àná.

Bàbá Ṣẹ́gun: Láti àná! Owó ẹ̀gbọ́n l'o ń bá wa rò!

Bùnmi Fámásì: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń mú ìgbẹ́ dúdú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó ń rùn burúkú, tí òòyì sì tẹ̀ lé e, inú ló lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ má fún wọn ní ibuprofen mọ́. Ẹ gbé wọn lọ sí OOUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, báyìí, ẹ̀ka pàjáwìrì. Ẹ kó ọ̀rá yẹn àti gbogbo oògùn wọn dání.

Ìyá Ìbejì Ìlíṣàn: Àbóníkí náà ni kó o tẹra mọ́ o.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ: Aládùúgbò ti gbé mọ́tò jáde. Wọ́n lo ti ọ̀rá yẹn láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n sọ fún dókítà? Wọn ò ní bínú sí mi?

Bùnmi Fámásì: Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ iye tí wọ́n ti lò àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa lọ.