Àfòpiná funfun kékeré lára yúkà: èwo ni mo rí yìí?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ewéko yúkà kan (Yucca filamentosa) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó ku bí ọjọ́ mẹ́ta kí òdòdó rẹ̀ là, mo rí àwọn àfòpiná kéékèèké lára ọ̀pá òdòdó náà, tí wọ́n funfun báláú, tí ìyẹ́ wọn kò sì ní àmì kankan. Mo gbé rúlà ti ọ̀kan tó bà síbẹ̀. Kò ju mílímítà 8 lọ. Tegeticula yuccasella ni gbogbo ìwé ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n inú òdòdó ni wọ́n ní ìyẹn ń gbé, òdòdó kò sì tíì là. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn kìíní
Prodoxus decipiens, àfòpiná yúkà mìíràn, ni mo fura sí. Riley, onímọ̀ kòkòrò ìpínlẹ̀ Missouri nígbà náà, ló sọ yuccasella lórúkọ ní ọdún 1872. Nígbà tó di ọdún 1880, ó pe èyí ní decipiens, tí í ṣe ẹlẹ́tàn ní èdè Látìn, nítorí ìrísí wọn jọra gan-an. Abo Tegeticula ní ọwọ́ kéékèèké méjì lẹ́nu, tó ká bí ìwọ̀, èyí tó fi ń kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó jọ, tí yóò sì gbé e lọ sínú òdòdó mìíràn. Prodoxus kò ní irú rẹ̀. Inú ọ̀pá òdòdó tó ṣì tutù ló ń yé ẹyin sí.

Ìdáhùn kejì
Ẹ rọra o. Akọ Tegeticula náà kò ní ọwọ́ yẹn, nítorí náà a kò lè fi ẹnu nìkan dájọ́. Ìdin ni kí ẹ wá. Èso ni ìdin Tegeticula ń jẹ, lẹ́yìn èyí ni yóò já bọ́ sílẹ̀, tí yóò sì wọ inú erùpẹ̀; ti Prodoxus yóò dúró sínú ọ̀pá gbígbẹ títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Ẹ so ọ̀pá náà sínú àpò nẹ́ẹ̀tì níta, kí ẹ sì ní sùúrù: mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, Prodoxus y-inversus, ti lo 30 ọdún rí kó tó jáde!

Ìbéèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti gé ọ̀pá èṣí dànù, ṣùgbọ́n kùkùté rẹ̀ ṣẹ́kù. Mo wò ó láàárọ̀ yìí: ihò wínníwínní pọ̀ lára rẹ̀, awọ gbígbẹ tí kòkòrò bọ́ sílẹ̀ sì yọ orí síta nínú mẹ́ta.

Ìdáhùn kejì
Ó ti parí. Prodoxus ni.